Bí Mo Ṣe Gba Ìnísà Kọjá

Ẹ ti kí mi kú àbọ̀, mo sì ti dáhùn. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì mi, ẹ̀yin ará àdúgbò, àti ẹ̀yin ọmọ Òkukù tí ẹ fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn bí èmi, gbogbo yín lẹ bi mí pé, "Báwo ni ọ̀nà?" Mo ní ọ̀nà dáa. Ẹ ní, "Àwọn ará ilé ńkọ́?" Mo ní àlàáfíà ni wọ́n wà. N kò purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mo sì ti rí i pé kò ní lọ àfi bí mo bá sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ kò bá kí mi mọ́, ẹ jàre.

*Ìwé ètò*

Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti fi bírò àti rúlà fa ọ̀nà Òṣogbo sí Ìkìrun, Ìkìrun sí Ìnísà, Ìnísà sí Òkukù, tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fà á bí mo bá di ojú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, ó lé ní ọdún méjìlá, n kò tẹ ẹsẹ̀ sí i. Iṣẹ́ pọ̀, owó kò tó, ọmọ ń lọ iléèwé. Gbogbo àwáwí tí ẹ̀yin náà ń ṣe ni mo ṣe.

Òkukù ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyàwó tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti Ìnísà nígbà náà ló gbé mi pọ̀n. Ìyá Ìnísà ni mo ń pè wọ́n. Wọn kò bí ọmọ tiwọn rárá. Èmi ni wọ́n fi ṣe àkọ́bí, èmi náà ni wọ́n fi ṣe àbíkẹ́yìn. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó mú mi wá sí Ìbàdàn láti kàwé.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ kan wà tí èmi àti Ìyá ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti lọ ta ẹ̀gúsí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sáré kọjá, ó da eruku pupa bò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá ń fi etí ìró wọn nu ojú mi. Mo ní, "Ìyá, tí mo bá dàgbà, mo máa ra mọ́tò. Mo máa gbé yín láti Ìkìrun wọ Òkukù, gbogbo èèyàn á máa wò yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹnu ẹ á ṣẹ." Láti ìgbà náà, nínú gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ń bẹ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn kó bá wọn kọ sí mi, ìlà tó gbẹ̀yìn kì í yí padà: "Mo ń retí mọ́tò wa."

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, mo ra mọ́tò. Tòkunbọ̀ ni, aláwọ̀ búlúù, àfi ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n pààrọ̀, tó jẹ́ funfun. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ẹ sì mọ irú àsìkò tí a wà, àsìkò ọ̀wọ́n epo, tí ọkùnrin ń sùn sí ilé epo bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti gbéyàwó. Mo wá jókòó, mo ṣètò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣètò ìrìn tí awakọ̀ èrò ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà là á. Mo kọ aago tí a máa gbéra àti ibi tí a máa dúró kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Mo kọ ọ́ pé a kò ní jẹun lójú ọ̀nà. Mo kọ ọ́ pé a kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́, nítorí àwọn adigunjalè. Mo pín epo sí lítà lítà, lítà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kọ ọ́ sí pé: "Gbígbé Ìyá dé Ìkìrun àti padà: lítà mẹ́ta." Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, inú mi sì dùn sí ara mi gan-an. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, mo rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì kan sí búùtù. Ti pàjáwìrì nìyẹn, a kò gbọdọ̀ ṣí i.

Ìyàwó mi, Ìyá Dàpọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Kò dé Òkukù rí. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, ṣé Òkukù la ń lọ ni àbí Mẹ́kà?"

Mo kọ̀wé sí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó kù tó ń ṣe olórí ilé, pé lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó wọ Òkukù.

*Ìkìrun*

N kò ní fi ìròyìn Ìwó àti Òṣogbo dá yín dúró. Ẹ̀yin náà ti gba ibẹ̀, kò sì sí ohun tí mo rí níbẹ̀ ju ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú mi lọ.

Ìkìrun ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọyẹ́ mú, òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn ìlú rí funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Àwọn ọlọ́kadà kó ara jọ sí oríta, wọ́n ń fẹ́ èémí sí ọwọ́ wọn, agbèrò ń pe Òṣogbo kíkankíkan. Ibẹ̀ ni ètò wí pé kí ẹ́ńjìnnì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà.

Obìnrin náà kò mọ̀ wá rí, ṣùgbọ́n bí a ṣe sọ̀ báyìí, ó ti ń kí wa. "Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé ara ò ni yín? Ẹ wá jókòó."

Mo dúpẹ́. Mo mú búrẹ́dì tí a dì wá láti ilé jáde. Ó wo búrẹ́dì náà, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, búrẹ́dì tútù nínú ọyẹ́ yìí? Ẹ má ṣe báyẹn. Ẹ gba ẹ̀kọ."

Mo ní a ti jẹun. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó fi bébà mú àkàrà mẹ́ta láti inú epo, ó nà án sí ìyàwó mi. "Ẹ fi tọ́ Ìkìrun wò. Mi ò tà á, àlejò ni yín." Ìyá Dàpọ̀ kúnlẹ̀ gbà á, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi dúró ti mọ́tò, mò ń jẹ búrẹ́dì mi.

Bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ tó ń mu ẹ̀kọ. Ó ní, "Ọmọ ibo ni yín?"

Mo ní, "Ìbàdàn la ti ń bọ̀, sà."

"Mi ò bi yín níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ọmọ ibo ni yín?"

"Òkukù ni, sà."

"Ẹn-ẹn. Ilé wo ní Òkukù? Ọmọ ta ni?"

Mo wo aago, mo ní àsìkò ti lọ, kí bàbá má bínú. Ká sọ tòótọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣì kù nínú ètò. N kò kàn fẹ́ kí ẹnìkan máa tú ìdí mi wò lójú ọ̀nà ni. Bàbá náà wò mí títí mo fi wọ mọ́tò. Ó ní, "Ẹ kí wọn nílé o, tẹ́ ẹ bá rí wọn mọ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ará ibí yìí mà ní ẹnu.

*Ìnísà*

Eruku pọ̀ kí a tó wọ Ìnísà, nítorí náà mo yí gíláàsì sókè. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn oníṣu àti alágbàdo ti pàtẹ dé etí títì, ewúrẹ́ ń rìn bó ṣe wù ú, mo sì ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ bíréèkì, mo tún ń tú u sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Aṣọ tó mọ́ ni wọ́n wọ̀, irú èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé ẹrù kékeré kan mọ́ àyà, wọ́n tú gèlè lórí, wọ́n ń jù ú sókè. Wọ́n ń ké, "Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó o! Èmi nìyí!"

Ìyá Dàpọ̀ ní, "Ẹ dúró, màmá yẹn ń pè yín."

Mo ní, "Ṣé orúkọ mi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò."

"Mọ́tò ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ ká gbé wọn ni. Kí la kọ sínú ìwé?"

Ìyá arúgbó náà ti sún mọ́ wa, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn funfun yẹn. Mo rí ẹnu wọn tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fọn fèrè mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ kí ojú lè tì mí dáadáa: mo fọn fèrè mọ́ wọn. Wọ́n ta gìrì sẹ́yìn, ẹrù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọ̀nà là, mo sì kọjá.

Nínú dígí, mo rí wọn tí wọ́n dúró sójú kan náà, tí ọwọ́ tí wọ́n fi mú gèlè ṣì wà lókè. Àwọn ọlọ́jà ń wò wọ́n. Mo wo aago: mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú mi dùn pé ètò mi ń lọ geerege.

*Òkukù*

Bí mọ́tò ṣe yà sí àgbàlá wa, ilé tú jáde. Àwọn obìnrin ń yọ̀, àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ ń fi ọwọ́ pa mọ́tò lára, Bàbá Kékeré fi ọ̀pá wọn rọra rìn bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n súre fún mi títí, wọ́n ní mọ́tò kò ní gbé mi ṣubú. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Ìnísà dà?" Mo rò pé inú ilé ni wọ́n ti ń wá wọn.

Wọ́n gbé àga wá fún mi, ọ̀kan nínú wọn sì fi etí aṣọ nù ún kí n tó jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé mọ ohun tí mò ń sọ. Wọn kì í nu àga fún ọmọ ilé. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n nù náà, mo ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sọ fún mi pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Mo ń sọ pé mo mọ̀ wọ́n. N kò mọ ẹnì kan.

Fọlákẹ́, àkọ́bí Bàbá Kékeré, tó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, gbé omi wá. Mo ti sọ orúkọ rẹ̀ fún ìyàwó mi nínú mọ́tò. Ìyá Dàpọ̀ fẹ́ fi hàn pé òun mọ ilé, ó ní, "Fọlákẹ́, ẹ ṣeun o."

Àwọn ìyàwó ilé pariwo, "Háà! Ìyàwó!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Jọkẹ́, tó dàgbà jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀, di ọwọ́ ìyàwó mi mú.

Wọ́n ní, "Wọn ò kọ́ ẹ ní Ìbàdàn? Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ wọ ìdílé yìí, ṣé Fọlákẹ́ ò tíì dáyé ni? Ọkọ ẹ ni. Ọmọ ọwọ́ gan-an tó o bá bá nílé, ọkọ ẹ ni."

Ìyá Dàpọ̀ ní, "Ẹ má bínú, mà. Kí ni kí n wá máa pè wọ́n?"

"Fún un lórúkọ tìẹ. Èmi ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àbúrò ẹ̀ yẹn, Adúmáradán. Ọkọ ẹ tó jókòó bí òyìnbó yìí ńkọ́? Ọjọ́ tí Ìyá Ìnísà wọlé, wọ́n bá a tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Wọn ò pe orúkọ ẹ̀ gan-an rí títí dòní. Wọn ò sì ní pè é títí wọ́n á fi kú."

Ìyá Dàpọ̀ yíjú, ó wò mí.

Ẹ ó bi mí pé ṣé n kò mọ orúkọ náà ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá wọn kọ lẹ́tà, Oyèdélé tí bàbá mi sọ mí ló ń kọ. Nígbà ìsìnkú bàbá mi, "ọkọ mi" lásán ni wọ́n ń pè mí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sì lò. Orúkọ tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo láyé ló ń pè é, bí èèyàn bá pẹ́ lẹ́yìn ẹni náà, á gbàgbé ẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀. Èmi tí mo mọ gbogbo kọ́nà tó wà lọ́nà yẹn.

Ìyá Jọkẹ́ kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n tiẹ̀ dà? Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ti lọ Ìnísà lọ dúró dè yín. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn àwọn náà rí i báwọn ṣe ń wọ mọ́tò. Àbí ẹ já wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni?"

Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Mo dìde, omi dà sí mi lára. Mo ní, "Mò ń bọ̀."

*Ìnísà lẹ́ẹ̀kejì*

Mo yí mọ́tò padà sí Ìnísà, ìyàwó mi sì bá mi lọ. Kò bú mi, ìbá sì sàn kó bú mi.

A rí Ìyá lábẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tó ń ta ata. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ti wé gèlè wọn padà, ẹrù náà wà lórí itan wọn. Àwọn obìnrin bíi márùn-ún yí wọn ká. Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ tí aláta ń sọ fún Ìyá pé, "Ẹ̀gbọ́n Àṣàbí, ẹ wò ó, mọ́tò onílẹ̀kùn funfun yẹn ló tún padà wá yìí. Èyí tẹ́ ẹ ní kì í ṣe ti ọkọ yín."

Ó yé mi kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí mo fọn fèrè mọ́ wọn tí mo kọjá, wọ́n sọ fún àwọn èèyàn wọn pé àwọn ṣèèṣì ni, pé mọ́tò ẹlòmíràn ni, nítorí ọkọ àwọn kò lè rí àwọn kó kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi bo ojú tèmi àti tiwọn. Èmi wá gbé mọ́tò onílẹ̀kùn funfun padà wá láti tú u.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ ọjà. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n wò mí nílẹ̀. Ojú wọn ti rẹ̀, ó ti hunjọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó báyìí, n kò mọ bí mo ṣe lè wò ó láàárọ̀ kí n má mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ọkọ mi, o dé? Ṣó o ti jíṣẹ́ tí mo rán ẹ sí Bàbá Kékeré nílé?"

Wọn kò rán mi níṣẹ́ kankan. Mo ní, "Mo ti jẹ́ ẹ, Ìyá."

"Ó dáa. Mo ní kó o kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé kó o tó wá gbé mi. Ọmọ gidi, ilé ló ń kọ́kọ́ lọ."

Aláta ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní..."

"Ohun tí mo sọ, mo ti sọ ọ́." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn. "Ẹ kúulé o."

Kò sí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́. Mo rí i lójú àwọn obìnrin náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́, aláta alára ló sì bá wọn ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá Ìnísà purọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ìlú tí wọ́n bí wọn sí, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi mí yangàn.

*Oríta*

Ìyá Dàpọ̀ bọ́ sẹ́yìn, Ìyá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n fi ọwọ́ ra àga lábẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kan gíláàsì, wọ́n ní, "Mọ́tò wa." Lẹ́yìn náà wọ́n tú ẹrù. Ọ̀lẹ̀ ni, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé, irú èyí tí mo máa ń sunkún fún nígbà tí mo wà ní kékeré.

Wọ́n ní, "Ó gbóná nígbà tí mo gbé e wá."

Mo jẹ ẹ́ tútù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, ojú sì ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ adùn rẹ̀.

Nígbà tí a dé oríta tí ọwọ́ kan rẹ̀ lọ sí Òkukù, tí èkejì lọ sí Ìkìrun, wọ́n gbé ọwọ́ lé apá mi. Wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu.

"Ọkọ mi, Ìkìrun ńkọ́? Ọ̀sán ò tíì pọ́n. Ṣé a ò lè lọ yí padà níbẹ̀, ká wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bó o ṣe wí i nígbà yẹn?"

Mo dá mọ́tò dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mú ìwé jáde. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Lítà mẹ́ta tí mo kọ sílẹ̀ fún Ìkìrun, mo ti jẹ nínú rẹ̀ láti padà wá sí Ìnísà. Bí a bá lọ Ìkìrun, n ó wọ inú epo tí a ó fi padà sí Ìbàdàn. Mo mú bírò, mo ń yọ èyí kúrò nínú ìyẹn.

Ìyá Dàpọ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Bàbá Dàpọ̀, kẹ́ẹ̀gì wà ní búùtù."

"Ti pàjáwìrì nìyẹn."

"Kí lẹ wá ń pe èyí?"

Mo ṣì ń wo ìwé. Ìyá Ìnísà kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ kí ọmọ ẹni máa wo bébà nígbà tí a bá bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan. Wọ́n fi ọwọ́ wọn bo ojú ìwé náà jẹ́jẹ́.

"Pa á dé, ọkọ mi. Ìkìrun ò ní sá lọ. Òkukù náà dáa, ibẹ̀ nilé."

Mo pa á dé. Mo yà sí Òkukù. Mo lè yí sítíárì sí ọwọ́ kejì nígbà náà, kò sí ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú. N kò yí i.

Kí a tó wọ ìlú, wọ́n ní kí n já àwọn sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, a ò tíì délé."

Wọ́n ní, "Mọ́tò yìí ti wọlé láàárọ̀. Gbogbo ilé ti sáré jáde sí i, wọ́n ti yọ̀ tán. Wọn kì í gbé ìyàwó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ mi. Jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn. Màá sọ fún wọn pé èmi ni mo yà mu omi tó o fi kọjá."

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá Dàpọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó bá wọn ṣí i, ó gba aṣọ tí wọ́n fi di ọ̀lẹ̀, ó sì bá wọn rìn. Kò bi mí kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń lọ níwájú, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí Ìyá ń sọ. Èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò, tí mò ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́ wọ Òkukù, àwọn tó jókòó sí iwájú ilé sì ń wo àwọn tó ń rìn àti ẹni tó gun mọ́tò.

Nílé, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ní àwọn ó sọ. "Èmi ni mo yà mu omi." Ìyá Jọkẹ́ wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì wọlé lọ gbé iyán wá. Ẹran tó wà lórí ọbẹ̀ mi pọ̀ ju ti Bàbá Kékeré lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, kí a tó gbéra, Ìyá Ìnísà gbé omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá. Wọ́n wọ́n ọn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní, "Máa gbé ọkọ mi lọ, máa gbé e bọ̀." Wọn kò dárúkọ Ìkìrun mọ́.

*Ilé*

A dé Ìbàdàn ní àsìkò tí mo kọ sínú ìwé gẹ́lẹ́. Nígbà tí a ń já ẹrù, Ìyá Dàpọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Ó kún bámú. Epo tó kù nínú táǹkì náà kì í ṣe kékeré, nítorí mo ti fi ẹ̀rù bu epo kún ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi oníṣirò ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi bí mo ṣe dúró síbẹ̀. Mo lè lọ láti Ìnísà sí Ìkìrun, kí n sì padà wọ Òkukù, nígbà márùn-ún, kí epo tún ṣẹ́kù.

Kẹ́ẹ̀gì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa títí di àná. Àná ni Ìyá Dàpọ̀ sọ pé kí a dà á sínú mọ́tò, kí a padà lọ gbé Ìyá lọ sí Ìkìrun. Mo ní ó dáa, mo ní òun náà ló wà lọ́kàn mi. Mo ní kó kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn ní Òkukù. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó jáde, ó sì lọ dúró dè mí síbi ilẹ̀kùn funfun mọ́tò wa.